Ìyàwó Tó Rù Nílé Dókítà

Láyé ọjọ́un nílùú wa, bí o bá fẹ́ mú inú ènìyàn dùn, sọ fún un pé ó sanra. Mò ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí òyìnbó ká àsíá rẹ̀ kúrò, tí Dàhòmè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjọba ara rẹ̀. Bí ẹni méjì bá pàdé lọ́nà ọjà Kétu, ọ̀kan á wo èkejì láti òkè dé ilẹ̀, á ní ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá, ó ti sanra. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní o rù, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wàá ṣàlàyé ẹni tó kú fún ọ, tàbí àìsàn tó ṣe ọ́, tàbí ẹni tó ń fìyà jẹ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ni gbogbo ayé ń pè mí, mo sì gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún gbọ́ bí ẹni tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ rí. Mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwòsàn Kétu, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi kò ju pé kí n gbógun ti ebi lọ. Àwọn ọmọ tí ikùn wọn yọ síwájú, tí ẹsẹ̀ wọn rí tẹ́ẹ́rẹ́, ni mò ń wọ̀n láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kanrí. Mò ń pín wàrà oníyẹ̀fun fún àwọn ìyá wọn. Ìjọba fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí wa láti Kútọnu pé ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: obìnrin kan tó sanra, ọmọ tó sanra lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn aláìsàn á dúró níwájú rẹ̀, wọ́n á ní àlàáfíà nìyẹn. Òṣùwọ̀n àgbàlagbà kan tún wà ní igun yàrá. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn tí nǹkan kan kò ṣe á wọlé wá, wọ́n á bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n á gun òṣùwọ̀n, wọ́n á ní kí n ka ohun tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wí. Bó bá ti ju ti ọjà tó kọjá lọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́, èmi náà á bá wọn pàtẹ́wọ́. Owó ìjọba ni mò ń gbà, mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rá.

Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Kétu nígbà náà kò pọ̀: olùkọ́, akọ̀wé, àwọn ọlọ́pàá, àti èmi. Ní ọjọ́ Ìsinmi a máa ń jẹun nílé ara wa, a sì máa ń fi ikùn ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò ní ikùn kò lè fọwọ́ síwèé. Aránṣọ kan náà ló ń tú ṣòkòtò gbogbo wa, tó ń fi aṣọ kún ìbàdí rẹ̀. A rò pé a ń rọ́pò òyìnbó ni. Òyìnbó tí a rọ́pò kò sanra tó wa.

Ọ̀gá ńlá kan wá bẹ̀ wá wò láti Kútọnu nígbà kan. Ọkùnrin méjì ló fà á jáde nínú mọ́tò. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà níwájú ilé ìwòsàn wa, ó dúró sinmi lórí ìkejì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ará ìlú ń hó yèè, wọ́n ní òmìnira yẹ ẹ́. Ó bá wa sọ̀rọ̀ ní Faransé pé ebi ni ọ̀tá orílẹ̀-èdè tuntun, kí a máa kọ iye ọmọ tó rù sínú ìwé ránṣẹ́ lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó ní ká kọ iye àgbàlagbà tó sanra. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n béèrè. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ọ̀gá yẹn ṣubú nídìí oúnjẹ, ó sì kú. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú òṣèlú ló pa á. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ àgbàdo ní Idigny, abúlé kan ní agbègbè Kétu, ni ìyàwó mi. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè ru agbọ̀n àgbàdo láti oko dé ọjà láìsọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe. Bó bá ti rí mi nínú aṣọ funfun iṣẹ́ mi, á ní lékeléke dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ní kò ní lọ sóko mọ́, kò ní ru omi mọ́, kò ní gún ohunkóhun lódó. Ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba kì í làágùn. Búrẹ́dì funfun láàárọ̀, tíì tí wàrà inú agolo àti ṣúgà mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Iyán lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹran, òróró á máa léfòó lórí ọbẹ̀. Ó tún ń jẹ nǹkan kó tó sùn. Á jókòó síwájú ilé lórí àga tí mo ní kí káfíńtà kàn fún un, àwọn tó ń kọjá á máa kí i. Bó ṣe bí ọmọ wa àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Lẹ́yìn èkejì, àga yẹn kò gbà á mọ́, ni káfíńtà bá tún kan òmíràn tó fẹ̀ jù ú lọ.

Ayọ̀ ńlá ni fún àwọn àna mi. Nínú ìdílé wọn, àṣà kan wà tí mi ò rí níbòmíràn. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sín bèbè sí i nídìí. Lọ́dọọdún nígbà iṣu tuntun, ìyá á wá sí ilé ọkọ, á mú ọmọ wọ inú yàrá, á tú okùn bèbè náà, á wọ̀n ọ́n mọ́ ìbàdí ọmọ, á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ kún un. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá fi kún un lọ́dún náà ni ẹ̀rí ọkọ. Bó bá padà délé, á ròyìn rẹ̀ fún gbogbo agbo ilé, wọ́n á sì máa yin ọkọ náà. Ìyá ìyàwó mi kì í mú ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ wá. Á jáde nínú yàrá tẹ̀rín-tẹ̀rín, orí mi á sì wú. Mo rò pé ìfẹ́ ni mò ń rí nínú ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyẹn.

Ọdún tí ọmọ wa kejì wọ lẹ́kóòlù, ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó, ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi á mu ìkòkò omi kan tán lójúmọ́, á sì máa lọ tọ̀ láìsinmi. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Egbò kékeré kan yọ sí i ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀, oṣù méjì kọjá, kò jinná. Kò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì kó má jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Ní ilé ìwòsàn wa, a ní omi aláwọ̀ aró kan tí a máa ń da ìtọ̀ díẹ̀ sí, tí a ó sì gbé lé iná. Bó bá dúró láwọ̀ aró, kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀ náà. Mo dán ti ìyàwó mi wò lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló pọ́n bí erùpẹ̀ ilẹ̀ Kétu. Àtọ̀gbẹ ni.

Dókítà gidi máa ń ti Pobè wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún àìsàn náà kò sí ní Pobè, bóyá a lè rí i ní Kútọnu, bóyá a ò ní rí i. Ó ní ọ̀rá ló fẹ́ pa obìnrin yìí. Bó bá lè fọn, bó bá dẹ́kun ṣúgà, tó sì ń rìn, ó lè má nílò abẹ́rẹ́ kankan. Ó ní oúnjẹ ni oògùn tó wà lọ́wọ́ wa, pé èmi ni mo máa wọ̀n ọ́n fún un.

Mo tú ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá fún ìyàwó mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí pé ẹni tó yó ló ń ṣàìsàn. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ife tíì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyá òun, nítorí ìyá òun kò ní lè sùn mọ́. Mo gbà kíákíá. Mo gbà kíákíá jù, nítorí kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan ni mò ń rò. Mò ń ro ohun tí Kétu yóò wí bí wọ́n bá gbọ́ pé àìsàn tí dókítà kò rí wò wà lára ìyàwó tiẹ̀. Bí a ṣe fi àìsàn náà pamọ́ nìyẹn, bí ẹni fi olè pamọ́ sílé.

Ìyà jẹ obìnrin náà. Mo kó ṣúgà, búrẹ́dì àti agolo wàrà kúrò nílé. Ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ àti ẹ̀wà ni mò ń bù fún un, pẹ̀lú òkèlè ọkà díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tún béèrè. Ebi pa á débi pé omi á máa bọ́ lójú rẹ̀ bí àwọn ọmọ bá ń jẹun. Ó sọ mí ní ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ìlú tó jí, àwa méjèèjì á rìn jáde gba ọ̀nà Idigny, nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìyàwó dókítà tó ń fẹsẹ̀ rìn láìru nǹkan kan, láìlọ síbì kan. Ní oṣù àkọ́kọ́, igi ìrókò ẹ̀yìn ìlú la máa ń dé ká tó padà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, iwájú mi ló ń rìn, ó ń bú mi pé ẹsẹ̀ mi wúwo.

Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Òùngbẹ náà lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, mo tún di lékeléke. Lọ́jọ́ kan mo gbé omi aró yẹn lé iná, mo wò ó títí, kò yí padà. Mo sáré gbé ìgò náà wálé, mo nà án sí i lójú. A di mọ́ ara wa nínú ilé ìdáná, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Kò sí ẹni tó bá wa yọ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀. Ohun tí Kétu rí ni pé ìyàwó dókítà ti rù.

Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba gé nínú owó oṣù gbogbo wa, wọ́n ní orílẹ̀-èdè kò lówó. Rédíò sọ ọ́, kò sí ẹni tí kò gbọ́. Ọdún yẹn náà ni mo ra mọ̀bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré kan tí mo ti ń tu owó rẹ̀ jọ tipẹ́, kí n lè máa dé àwọn abúlé tí ọmọ ti ń kú. Ìlú bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: owó dókítà ti dín, ó sì ra ẹ̀rọ, ẹran ara ìyàwó rẹ̀ ló fi rà á. Bí mo bá ń wọ̀n ọmọ, mò ń gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi. Obìnrin kan láti Adakplamè kò sọ tiẹ̀ ní wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní kí n lọ wọ̀n ti ilé mi ná.

Iṣu tuntun dé, ìyá ìyàwó mi dé. Ó di ìlẹ̀kẹ̀ tuntun sí ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá a mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ wá eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n wọ yàrá. Mo jókòó síta, mò ń retí ẹ̀rín, ẹ̀rín kò jáde. Ìyàwó mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ìyá tú okùn bèbè, ó wọ̀n ọ́n, bèbè náà yọ̀ wálẹ̀ dé itan. Dípò kó fi kún un, ó ní láti yọ nínú rẹ̀. Ó ń yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sunkún bó ṣe ń yọ ọ́. Kò sí ìyá tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé wọn, àfi ìyá ọmọ tó fẹ́ kú tàbí èyí tí ọkọ kò fẹ́ mọ́. Nígbà tó jáde, ó kí mi dáadáa. Kò fẹnu kan oúnjẹ tí a sè fún un, ó ní òun ti jẹun nílé.

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àna tí kò jẹun nílé rẹ ti pè ọ́ lẹ́jọ́. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀lé e lọ́jọ́ náà, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n jẹ́wọ́ àìsàn tí mo fi pamọ́. Mo ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù ná. Ọ̀rọ̀ kì í tutù nílé àna.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dé: bàbá ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n bàbá náà, àti ìyá. Mo pa adìyẹ, mo gbé iyán kalẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ òtítọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òùngbẹ, egbò, omi aró, ohun tí dókítà Pobè wí. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn. Wọ́n ti rí ọ̀dá, wọ́n ti rí eéṣú tó jẹ oko tán, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn sin ọmọ tí ebi pa. Wọ́n mọ ohun tí ebi ń ṣe jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ló dá mi lóhùn.

"Dókítà, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àìsàn tí ebi ń mú wá, mo ti rí i tó ọgọ́rùn-ún. Èyí tí àjẹyó ń mú wá, ta ló ṣe rí? Dárúkọ ẹnì kan fún mi."

Mo wá inú orí mi títí, mo rántí ọ̀gá ńlá Kútọnu tó sinmi lórí àtẹ̀gùn wa. Mo dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ní rárá, àwọn ọ̀tá ló pa ìyẹn, gbogbo Dàhòmè ló mọ̀. Ó ní èmi gan-an ni mo sọ bẹ́ẹ̀ nídìí ẹmu nílé àwọn, lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé. Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá ìyàwó mi, ẹni tí kì í pariwo, wá sọ ohun tí wọ́n bá wá. Wọn kò wá tú ìgbéyàwó ká. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba gé owó, wọn kò fi ìyẹn bá mi wí. Kí n sáà jẹ́ kí ọmọ àwọn wá sinmi nílé fún oṣù mẹ́ta, títí nǹkan yóò fi rọrùn fún mi. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe mí lóore, lójú tiwọn oore náà ni. Bí mo bá kọ̀, á jẹ́ pé mo fẹ́ pa ọmọ wọn. Bí mo bá gbà, ìlú á pa ẹnu mọ́.

Ìyàwó mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó wò mí, ó ní, "Ọkọ mi, bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ẹ sọ ọ́ lójú wọn."

Gbólóhùn kan péré ló ń retí lẹ́nu mi. Nínú gbogbo àwa tó wà nínú ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí oúnjẹ yóò ṣe fún un, mo sì mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin Adakplamè yẹn ni mò ń rò. Mò ń ro wúyẹ́wúyẹ́ ẹ̀yìn mi, àti ojú tí wọ́n fi ń wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtìjú ní kí n sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́. "Máa lọ," mo ní. "Oṣù mẹ́ta kò pẹ́." Ó dìde lọ di ẹrù rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn àna mi fọwọ́ kan iyán mi, tó ti tutù. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Àwọn ọmọ dúró lọ́dọ̀ mi nítorí lẹ́kóòlù. Kí wọ́n tó lọ, mo ka ohun tí ìyàwó mi kò gbọdọ̀ jẹ fún ìyá rẹ̀, mo ní kó tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Ó dé Idigny, ó ṣe òdìkejì gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyálọ́mọ ló ṣe ń tọ́jú ọmọ rẹ̀: iyán láàárọ̀, ẹ̀kọ tí wọ́n fi oyin pò, ẹran ìgbẹ́ nínú epo. Ṣúgà tí mo kó kúrò nílé, páálí-páálí ni wọ́n ń rà á fún un. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ń gbé abọ́ wá láti ilé tiwọn. Àgbàdo tí ì bá lọ sọ́jà ni wọ́n ń lọ̀ fún un. Wọ́n ná ara wọn lórí rẹ̀, kí n má parọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń gun mọ̀bílẹ́ẹ̀tì lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún díẹ̀. Nígbà kẹta, ìyá rẹ̀ ní kó dìde níwájú mi, ó yí i po kí n lè rí i tán. Mo mú omi aró dání lọ́jọ́ kan, mo gbé e lé ààrò wọn, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Mo fi hàn wọ́n. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó wá rọra bi mí pé kí ni mò ń fi ìtọ̀ ọmọ òun ṣe lórí iná tí àwọn fi ń dáná. Mi ò mú un lọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo pe ìyàwó mi sẹ́yìnkùlé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù. Ó ní ebi pa òun lọ́dọ̀ mi fún ọ̀pọ̀ oṣù, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni; kí n jẹ́ kí òun jẹun díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá òun. Bí òun bá padà sí Kétu, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ nu òógùn ojú mi. Mo bínú sí i, mo gun ẹ̀rọ mi lọ láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú yẹn rárá. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu ni mí. Èmi ni mo ní kó lọ, èmi ni mo tún ń bínú pé ó jẹun níbi tó lọ.

Nítorí ìbínú náà, mi ò tẹ Idigny fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárín ìgbà yẹn ni ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ kùkùté àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Ọgbẹ́ náà kéré, wọ́n fi ewé dì í. Wọn kò ránṣẹ́ sí mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé màá ní oúnjẹ àwọn ló fà á, màá sì mú un lọ. Òun náà ní kí wọ́n má ránṣẹ́, kí ìbínú mi rọlẹ̀ ná. Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ewé, tí àwọn ìka ẹsẹ̀ dúdú, ni bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ àgbàdo wá bá mi ní ilé ìwòsàn. Ó dúró láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, ó ṣí fìlà rẹ̀ lórí, mo sì mọ̀.

Inú ọkọ̀ àgbàdo kan náà la gbé e lọ sí Pobè. Ó jókòó sórí àwọn àpò, ó gbé orí lé èjìká mi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Omi tí mo bù dání tán kí a tó dé ìdajì ọ̀nà. Dókítà ní kí a gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Mọ́tò tí yóò gbé e kò sí títí di ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Ìwé tí wọ́n kọ sọ pé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe lọ sí Kútọnu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó pọ̀ mọ́ àwọn tí àdá ṣá àti àwọn tí ejò bù jẹ. Lónìí, rédíò kì í sinmi. Wọ́n ní ọ̀rá ti di ọ̀ràn gbogbo orílẹ̀-èdè, kí á dín ṣúgà, kí á máa fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀. Àwọn ọmọdébìnrin tó ń sọ ọ́ mọ Faransé, ohùn wọn sì dùn. Mo máa ń dìde lọ pa rédíò náà.

Idigny la sin ín sí. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù fún un, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Kò rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, apá rẹ̀ kún inú aṣọ, aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wá kí wọn ń wò ó, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ìyá rẹ̀ gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀sùn kankan kàn mí nínú ilé yẹn. Wọ́n ti dárí ebi náà jì mí.

Ìyá rẹ̀ fà mí lọ́wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Dókítà, wò ó dáadáa. Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ kọ́ nìyí. Ọmọ mi ò fi ebi lọ sọ́run."

Kì í ṣe pé ó ń bú mi. Ó ń tù mí nínú ni, ó sì ń tu ara rẹ̀ nínú. Ohun tó dára jù lọ tó lè ṣe láyé ló ń fi hàn mí. Gbogbo ará ilé ń wò mí. Ohun tó yẹ kí àna ṣe nígbà tí wọ́n bá tọ́jú ìyàwó fún un, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀."